Àwáwù, Ọmọ Tí Ìfẹ́ Fẹ́rẹ̀ẹ́ Bọ́ Pa

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá ẹnu sí wa lójú, tó pèsè ohun tí a ó fi sẹ́nu, tó sì tún fi làákàyè kún un kí a lè mọ ìgbà tó yẹ kí a pa ẹnu náà dé. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànọ́bì wa, ẹni tó jẹun níwọ̀nba títí tó fi fi ayé sílẹ̀, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá ń tọ ọ̀nà rẹ̀. Jámọ́à mi, àsàláámù àléékúmù!

Ẹ ò dáhùn dáadáa. Ṣé ebi ló ń pa yín ni? Àsàláámù àléékúmù!

Ẹn-ẹ́n. Ẹ ṣeun.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà la fẹ́ sọ lónìí. Mi ò ní í sọ̀rọ̀ olè. Mi ò ní í sọ̀rọ̀ àgbèrè, mo sì mọ̀ pé ọkàn àwọn kan ti balẹ̀ báyìí. Ohun tí à ń fi sí ọmọ lẹ́nu ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ tí Ọlọ́hun fún wa, àmáánà ni, ohun ìfipamọ́ ni. Bí ẹnì kan bá fi aṣọ pamọ́ sọ́wọ́ rẹ, tó dé lọ́jọ́ kan tó ní kí o gbé aṣọ òun wá, tí o wá gbé e síta tó ti fà ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, kí lo máa wí? Ṣé wàá ní, "Ẹ má bínú o, mo fẹ́ràn aṣọ náà ni mo ṣe ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́"? Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó dáa. Ẹ rẹ́rìn-ín ná.

Ànọ́bì wa kọ́ wa pé darandaran ni oníkálukú wa, a ó sì bi wá léèrè àwọn tí a dà. Ó tún kọ́ wa pé bí ikùn bá fẹ́ kún, ìdá kan ni ti oúnjẹ, ìdá kan ni ti omi, ìdá kẹta ni ti èémí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: èémí náà ní ìpín nínú ikùn. Ẹni tó bá fi ẹ̀bà gba àyè ìpín náà, ọ̀ràn ló dá.

Ìyá kan wà lápá ibẹ̀ yẹn tó ń fi bisikíìtì dí ọmọ lẹ́nu kó má baà sunkún, kí wáàsí lè dùn. Mi ò wo apá ibẹ̀ o! Ẹ jẹ́ kó jókòó, ẹ má yíjú wò ó. Àánú ni mo fẹ́ fi sọ ìtàn yìí, mi ò fẹ́ fi bú ẹnikẹ́ni, nítorí pé ọwọ́ èmi fúnra mi wà nínú ẹ̀.

Ìlú Ìsẹ́yìn ló ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí mo wà níbẹ̀ tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń hun aṣọ òfì. Lámídì lorúkọ rẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń bá a sọ̀rọ̀. Sáfúrátù lorúkọ ìyàwó rẹ̀. Ọmọ méjì ti kú mọ́ Sáfúrátù lọ́wọ́. Èkíní kò ju oṣù mẹ́rin lọ. Èkejì, ọkùnrin, ti pé ọdún méjì, ó ti ń sáré kiri àgbàlá, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń pe bàbá rẹ̀. Àìsàn dé, ó fà á gbẹ, ó gbé e lọ. Ìyá náà sọ fún mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé nígbà tí òun gbé òkú ọmọ náà lé ọwọ́ àwọn tó fẹ́ wẹ̀ ẹ́, ó fúyẹ́ bí aṣọ tó gbẹ lórí okùn. Ó ní, "Àfáà, fífúyẹ́ yẹn ni kò kúrò lọ́wọ́ mi."

Bẹ́ẹ̀ ló rí tí Àwáwù fi dé. Olóṣù méje ni. Ó kéré débi pé àwọn àgbà kò fẹ́ bá ìyá rẹ̀ yọ̀ sókè, kí ayọ̀ náà má baà di ẹ̀dùn. Sáfúrátù gbé e mọ́ àyà, ó ní, "Ọlọ́hun, bí O bá dá èyí sí fún mi, ebi kò ní í mọ ojú ẹ̀ láyé."

Jámọ́à, ṣé ẹ̀jẹ́ burúkú nìyẹn? Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Ẹni tó ti gbé òkú ọmọ lọ́wọ́ rí ló jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà.

Ọlọ́hun gbọ́. Àwáwù yè, ó ń jókòó, ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀. Sáfúrátù náà kò sì gbàgbé ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ògì pẹ̀lú mílíìkì àti ṣúgà, àkàrà lẹ́yìn rẹ̀. Kí oòrùn tó mú, ìrẹsì. Bí ọmọ bá sunkún, súìtì. Bó bá dákẹ́ jù, wọ́n á ní ó ti rẹ̀ ẹ́, wọ́n á já ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un. Ẹ wá gbọ́ bí oúnjẹ ọ̀sán ṣe máa ń lọ nílé wọn. Èmi fúnra mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọmọ náà kò tíì pé ọdún márùn-ún.

Àwáwù ní, "Ìyá mi, mo ti yó."

"Yó kẹ̀? Kí lo jẹ? Ya ẹnu."

"Inú mi kún."

"Inú ọmọ kì í kún. Ya ẹnu, jàre. Èyí ni ti bàbá ẹ... ẹn-ẹ́n, ọmọ dáadáa. Èyí wá ni ti ìyá ẹ. O ò ní í jẹ ti ìyá ẹ? Ṣé o ò fẹ́ràn mi ni?"

Ọmọ tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀, kí ló máa ṣe? Ó máa ya ẹnu. Ó sì yà á. Ìyá àti ọmọ jọ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹ jọ dàgbà." Èmi nìyẹn, àfáà yín.

Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Lámídì kì í wọlé lọ́wọ́ òfìfo. Láti ìdí òfì ló ti máa ń yà ra búrẹ́dì gbígbóná, tàbí bọ́ọ̀nsì, tàbí ohunkóhun tó bá ti dùn. Bó bá ti gbé e lé ọmọ lọ́wọ́, yóò fọwọ́ pa á lórí, yóò sì lọ nà sílẹ̀. Ó fẹ́ràn ọmọ náà bí ẹyin ojú, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ènìyàn ń bá ọmọ sọ. Búrẹ́dì ló ń bá a sọ ọ́.

Ẹ̀yin bàbá, ó ti dákẹ́ jẹ́ẹ́ lápá ọ̀dọ̀ yín.

Bàbá kan tiẹ̀ ń wò mí pé, "Àfáà, àwa tó jẹ́ pé èyí tí a ó jẹ là ń wá ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ náà kàn ọ́, ìwọ bàbá yìí. Ohun tó wà nítòsí, tó ń yára dí ọmọ lẹ́nu, tó ń dùn bí oyin tí kò sì ní oore kankan nínú, ṣé ilé olówó nìkan ló wà ni? Ẹ jẹ́ ká máa bá ìtàn wa lọ.

Àwọn ará àdúgbò ń yin ọmọ. "Máṣáállàhù! Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́! Ìyá Àwáwù, ọwọ́ yín tutù o!" Bí wọ́n ṣe ń yìn ín ni Sáfúrátù ń fi kún un. Àfi ẹnì kan ṣoṣo. Lámídì ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ọ̀yọ́, Ìyá Káfáyà ni wọ́n ń pè é. Ó wá kí wọn lọ́dún Iléyá, Àwáwù ti pé ọdún méje. Obìnrin náà ń wo ọmọ bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn ilé, mẹ́ta péré ni àtẹ̀gùn náà, ó dúró mí lórí ìkejì. Ìyá Káfáyà gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó mi, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kan, jọ̀ọ́, má bínú. Ẹ gbé ọmọ yìí lọ fún àyẹ̀wò. Sísanra ẹ̀ ti ju ti ọjọ́ orí ẹ̀ lọ. Orúnkún ẹ̀ kò dúró dáadáa mọ́. Ẹ dín ohun dídùn kù fún un."

Sáfúrátù dìde. "Ẹ̀yin tí ọmọ yín márààrún wà láàyè, ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi pé kí n fi ebi pa ẹyọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́hun ṣẹ́kù fún mi? Ẹ fẹ́ kó gbẹ bíi ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀, àbí? Ojú wo lẹ tiẹ̀ fi ń wo ọmọ mi gan-an, Ìyá Káfáyà?"

Ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀. Ìyá Káfáyà wo àbúrò rẹ̀ ọkùnrin bóyá yóò sọ nǹkan. Lámídì wo ilẹ̀. Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀, ó fi ẹran Iléyá sílẹ̀ nínú abọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, kò tún tẹ ilé náà mọ́.

Àwa bàbá! Ilẹ̀ tí à ń wò yìí, ṣé ilẹ̀ náà ni yóò bá wa jẹ́jọ́ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀?

Ó wá kan èmi. Àwáwù ń wá sí ilé kéwú mi lójoojúmọ́. Ọlọ́hun fún un ní ohùn. Bó bá ń ka Alùkùránì, ẹni tó ń fa kẹ̀kẹ́ kọjá lọ á dá a dúró gbọ́. Mo sọ nínú ọkàn mi pé lọ́jọ́ wólímátù, ìyẹn ọjọ́ tí a ó ṣe ayẹyẹ fún àwọn tó bá kà á parí, Àwáwù ló máa kà á sí etí ìlú. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sún mọ́ ọdún mẹ́wàá, èémí rẹ̀ kò gbé gbólóhùn dé òpin mọ́. Yóò bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ká tó dé àárín, yóò dúró, yóò mí, hẹ̀, hẹ̀, yóò tún mú un. Bó bá yẹ kí àwọn ọmọ gbá ilẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Kí lèmi olùkọ́ rẹ̀ ṣe? Ṣé mo pe bàbá rẹ̀? Mo fún un lórúkọ ni. Mò ń pè é ní "Àlájà Bọ̀ǹtìnnì". "Ẹ fún Àlájà Bọ̀ǹtìnnì láyè, kó má jókòó lé yín!" Gbogbo ilé kéwú á bú sẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín. Mo rò pé inú rẹ̀ dùn sí i.

Àsítágífúrúlàhi.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan dé. Sáfúrátù mú Àwáwù lọ sí mọ́sáláṣí, wọ́n dúró nínú sàáfù, ìlà ìrun àwọn obìnrin. Ìyá àgbà kan dúró sápá òsì ọmọ náà, Ìyá Sínótù, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ìrun bẹ̀rẹ̀. Lèmọ́ọ̀mù foríkanlẹ̀, gbogbo wọn foríkanlẹ̀. Lèmọ́ọ̀mù dìde, gbogbo wọn dìde, ó ku Àwáwù nílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ẹní, ara kò gbé e. Ó tún ti ẹní. Ìyá rẹ̀ ń gbọ́ bó ṣe ń mí, ṣùgbọ́n ìrun ń lọ lọ́wọ́, kò sì mọ ohun tí ì bá ṣe. Ìyá Sínótù ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá ọmọ náà, ó fà á dìde.

Ẹ gbọ́ o. Ẹni ọgọ́rin ọdún ló fa ọmọ ọdún mẹ́wàá dìde nílẹ̀ ìrun.

Nígbà tí wọ́n kírun tán, Àwáwù yíjú sí i, ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá àgbà." Ìyá àgbà fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú fún un, ó ní, "Kí lo ṣe mí tí màá fi bínú?"

Nígbà tí wọ́n délé, Sáfúrátù mú ọmọ jókòó sórí ibùsùn, ó ká aṣọ kúrò lórí orúnkún rẹ̀. Ti òsì wú, ẹsẹ̀ náà sì ti ń tẹ̀ síta. Ó fọwọ́ kàn án, ọmọ yí ojú padà.

"Láti ìgbà wo ló ti ń dùn ọ́?"

"Láti ìgbà ààwẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún yín, ìyá mi. Ẹ ní kí n lọ jẹun, pé okun ni kò sí lára mi."

Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ sọ? Kò fi bú ìyá rẹ̀ o. Ó kàn dáhùn ìbéèrè ni.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà obìnrin kan tó kéré lọ́jọ́ orí ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbé e lé òṣùwọ̀n, ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún un wọ̀n bí ẹni tí ohun tó rí kò dá lójú. Wọ́n ya àwòrán egungun orúnkún. Ó wá pe bàbá àti ìyá jókòó. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ń ru bíi ti àgbàlagbà. Ó ní ẹrù tí egungun ẹsẹ̀ náà ń gbé ti pọ̀ jù fún un, òun ló ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Sáfúrátù ní, "Ẹrù wo, dókítà? Mi ò ru ẹrù lé e lórí rí láti ọjọ́ tí mo ti bí i."

Dókítà di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Ara rẹ̀ ni ẹrù náà, ìyá."

Ẹ rò ó wò. Ohun tí obìnrin yìí ń sá fún láti ọdún mẹ́wàá, òun ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́.

Ẹ̀rù mú un. Ẹ̀rù kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn rí ọ̀nà. Ẹni tó ń fún ọmọ ní oúnjẹ nígbà mẹ́fà lójúmọ́, ó ti ilẹ̀kùn oúnjẹ pa. Àwo kan láàárọ̀, ìdajì àwo lálẹ́, omi. Òun àti Lámídì ń jẹ tiwọn nínú yàrá kí ọmọ má baà rí i. Àwáwù ń gbọ́ ìró ṣíbí. Bí ìyá rẹ̀ bá rí i tó wo ìkòkò, á pariwo mọ́ ọn pé, "Ṣé o fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni?" Ọmọ tí wọ́n ti kọ́ pé jíjẹ ni ìfẹ́, ẹ sọ fún mi, kí ló máa rò lọ́jọ́ tí wọ́n gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀?

Mo mọ ohun tó rò, nítorí pé èmi ló bi. Ọ̀sán kan ni, àwọn ọmọ wà lẹ́nu eré, mo lọ sẹ́yìn ilé kéwú láti ṣe àlùwàlá. Mo bá Àwáwù níbẹ̀ tó lọ́ sí igun ògiri, ó ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ tí ọmọ kan sọ nù. Nígbà tó rí mi, ó fi í pamọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àfáà, ẹ má sọ fún ìyá mi."

Mo ní, "Mi ò ní í sọ. Ṣé ebi ń pa ọ́ ni?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. Ó ní, "Àfáà, ṣé bí mo ṣe rí yìí ni Ọlọ́hun kò ṣe fẹ́ràn mi?"

Jámọ́à, mo ti kéwú láti kékeré. Mo ti jókòó níwájú àwọn àgbà àfáà, wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè tó le. Ìbéèrè yẹn ló fọ́ mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀, pẹ̀lú láwàní lórí, iwájú rẹ̀ gan-an.

Mo ní, "Àwáwù, Ọlọ́hun fẹ́ràn ẹ. Òun ló fún ẹ ní ohùn tí gbogbo ìlú ń dúró gbọ́. Àwa àgbà ni a ò ṣe dáadáa sí ẹ. Orúkọ tí mo máa ń pè ọ́ yẹn, kò dáa. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ó ní, "Mo máa ń sunkún tí mo bá délé."

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé ẹ ò ní í pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́?"

"Láéláé."

"Ó dáa." Ó mú búrẹ́dì náà jáde lẹ́yìn, ó já a sí méjì, ó nà án sí mi. Mo gbà á, mo jẹ ẹ́. Ó le koránkorán. Kò sí oúnjẹ sàráà kankan tí mo jẹ láyé mi tó wọ̀ mí lára tó o.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo lọ sílé wọn. Mi ò sọ̀rọ̀ búrẹ́dì, mo ti ṣèlérí. Mo kàn ní, "Ìyá Àwáwù, bàbá Àwáwù, àṣìṣe tí ẹ̀yin àti èmi ṣe, ọmọ náà ni a tún ń jẹ níyà sí i. Ìjọsí a bọ́ ọ bí ẹran tí a fẹ́ tà, lónìí a ń fi ebi pa á bí ẹni tó jalè. Èwo nínú méjèèjì ni ìtọ́jú?"

Sáfúrátù bú sẹ́kún. "Àfáà, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá fún un, màá pa á. Bí mi ò bá fún un, ó ń fúyẹ́ lójú mi, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni mò ń rí."

Lámídì, tó ń wo ilẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún wa. Mo gbọ́, mo dákẹ́. Ẹ jẹ́ ká lọ bẹ̀ ẹ́."

Lọ́jọ́ kejì wọ́n wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Mo bá wọn lọ. Sáfúrátù kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì sọ̀rọ̀ tí Ìyá Káfáyà fi fà á dìde. Ó ní, "Dìde, ìyàwó mi. Mo ti ń retí yín láti ọjọ́ yìí. Ọmọ dà?" Ó gbá Àwáwù mọ́ra, ó gbé e lé ẹsẹ̀, bó ṣe tóbi tó yẹn. Ó wá ní kí a jókòó.

Ó ní, "Ọmọ kọ́ lẹ máa tún ṣe. Ilé lẹ máa tún ṣe. Ohun tí Àwáwù kò bá ní í jẹ, kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́ nílé. Ẹ jọ jókòó ti oúnjẹ pọ̀, ẹ̀fọ́ kó pọ̀, ẹ̀wà kó wà níbẹ̀, ọsàn dípò súìtì. Bó bá sunkún, ẹ bi í léèrè ohun tó ń dùn ún, ẹ má fi nǹkan dí i lẹ́nu. Bó bá ní òun yó, ó yó nìyẹn. Ẹ máa bá a rìn. Ẹ má sì pariwo mọ́ ọn nítorí oúnjẹ mọ́, tó bá pọ̀ tó bá kéré."

Ó rọrùn láti sọ, àbí? Ẹ lọ bi Lámídì! Ọkùnrin náà kò mọ̀ pé òun gan-an ti sọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò di ọ̀rẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, Àwáwù lọ kí i nídìí òfì, ó rí i tó fi nǹkan pamọ́ sábẹ́ aṣọ. "Bàbá mi, kí lẹ gbé pamọ́?" Lámídì kò lè purọ́. Ó gbé ìgò jáde bí ọmọ kékeré. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ náà ni bàbá àti ọmọ ti di ọ̀rẹ́. Bí ó bá ti di ọ̀sán, á fi òfì sílẹ̀, á mú un lọ́wọ́, wọ́n á jọ fẹsẹ̀ rìn wá sí ilé kéwú díẹ̀díẹ̀, wọ́n á dúró sinmi, wọ́n á tún rìn. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé ọmọ òun ń bẹ̀rù ajá, pé ó fẹ́ràn àwọ̀ ẹlú ju gbogbo àwọ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé.

Ti Sáfúrátù le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Àwáwù fi ìrẹsì sílẹ̀ nínú àwo tó ní ó tó òun, ọwọ́ ìyá ti dé ibi ṣíbí, ó gbé e padà. Ó dìde lọ sẹ́yìn ilé, ó lọ sunkún. Ó padà wá, ó kó àwo. Bẹ́ẹ̀ ni lọ́jọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ni fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ààwẹ̀ nìkan ni ìjàkadì pẹ̀lú ara, obìnrin yìí ń gba ààwẹ̀ mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò bá a ṣí.

Ọdún méjì àtààbọ̀ kọjá. Ṣé Àwáwù di ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́? Rárá. Egungun ilé wọn kò kéré, ọmọ náà ṣì sanra níwọ̀n tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀, dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi irin ti ẹsẹ̀ òsì fún oṣù púpọ̀, ó na díẹ̀, kò na tán. Títí dòní, bó bá ń rìn, ẹ ó rí i.

Ọjọ́ wólímátù pé. Láti ilé mi dé mọ́sáláṣí, àwọn ọmọ fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn, nínú aṣọ funfun, Àwáwù wà láàárín wọn, ìyá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Ó kàn án láti ka Alùkùránì. Ó fa èémí, ó gbé gbólóhùn tó gùn jù lọ nínú èyí tí mo fún un, ó gbé e, ó gbé e, ó gbé e dé òpin, èémí kò já. Gbogbo mọ́sáláṣí ní "Allahu Akbar!"

Lẹ́yìn náà, nígbà tí a ń kí ara wa, àlejò obìnrin kan láti ìlú mìíràn wo ẹsẹ̀ Àwáwù. Ó fi àánú sọ ọ́, ó ní, "Ìyá Àwáwù, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àmúwá Ọlọ́hun kò ṣeé jà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i ni?"

Ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn ti wà nílẹ̀ fún un láti mú. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ò ní í mú un? Ìgbà mélòó la ti fi ọwọ́ ara wa ba nǹkan jẹ́, tí a gbé e ka Ọlọ́hun lórí?

Sáfúrátù ní, "Rárá o, ìyá. Ọlọ́hun fún mi ní ẹsẹ̀ tó gún. Ọwọ́ mi yìí ló tẹ̀ ẹ́."

Àwáwù gbá ọwọ́ náà mú, ó fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sọ fún àlejò náà pé, "Ọwọ́ yìí náà ló mú mi rìn débí."

Jámọ́à mi, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá délé lónìí, ẹ má sọ fún ọmọ kankan pé àfáà ní ó ti sanra jù. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ wáàsí mi. Ara yín ni kí ẹ kọ́kọ́ bi: kí ni mò ń gbé wọlé? Kí ni mò ń fi oúnjẹ rọ́pò? Ọmọ tó ní òun yó, ṣé mo gbọ́ ọ? Ọmọ tó ní orúnkún ń dun òun, ṣé mo gbọ́ ọ? Ẹ̀yin olùkọ́, orúkọ wo lẹ ń pe ọmọ ọlọ́mọ? Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá sọ òótọ́ fún yín nípa ọmọ yín lè jókòó jẹun tán nílé yín.

Ẹ tẹ́ ọwọ́.

Ọlọ́hun, Ìwọ tó fún ọmọ inú oyún ní ìwọ̀n tó tó o láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá Ọ ṣírò rẹ̀, kọ́ wa ní ìwọ̀n. Àwọn tí ẹ̀rù ọmọ tó kú ń bà, tu ọkàn wọn nínú, má jẹ́ kí ẹ̀rù náà máa bá wọn tọ́ èyí tó kù. Ọmọ tó sanra, ọmọ tó rù, jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé O fẹ́ràn wọn. Fún àwa bàbá ní ojú tí kì í wo ilẹ̀. Fún àwọn ìyá ní ọwọ́ tó mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Lọ́jọ́ tí O bá máa béèrè àmáánà Rẹ lọ́wọ́ wa, jẹ́ kí ẹ̀rí àwọn ọmọ wa gbè wá.

Àmín, Ọba tó ń gbọ́ àdúà. Ẹ dìde, ẹ bá ìyá tó wà lápá ibẹ̀ yẹn gbé ọmọ ẹ̀ dání, kó lè ráyè to sàáfù.